Èsì: Ẹ má jẹ́ ká pè é ní "àrùn eku"

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀gbọ́n wa kan ń túmọ̀ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì dé orí àìsàn tí àwọn Faransé ń pè ní "peste", tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "plague", èyí tó gbẹ̀mí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará Yúróòpù, ó kéré tán, láàárín 1347 sí 1351. Wọ́n bi wá léèrè orúkọ. Àwọn kan ní "àrùn eku", ẹnì kan ní "ikú dúdú", àǹtí wa kan sì ní kí la tún ń wá kiri nígbà tí "àjàkálẹ̀ àrùn" wà nílẹ̀. Láti àná, "àrùn eku" ló ń lékè. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé nìyẹn, torí orí ìwé tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ yìí dá lé bí àrùn náà ṣe ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì. Bí a bá ti fi eku sínú orúkọ, a ti dáhùn ìbéèrè kí ọmọ tó ṣí ìwé, ìdáhùn ọ̀hún kò sì pé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú àwọn méjì tó rọrùn.

Òótọ́ ni àǹtí wa sọ pé "àjàkálẹ̀ àrùn" ti wà nínú Sáàmù 91 tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìrìn àrùn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ irú àrùn tó jẹ́. Ìgbóná jà kálẹ̀ rí, onígbáméjì jà kálẹ̀, kòrónà jà kálẹ̀ lójú gbogbo wa. Bí ìwé bá fẹ́ sọ pé àìsàn yìí jà kálẹ̀ ní Marseille ní 1720, ṣé a ó kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn jà kálẹ̀ ni? Bí ó bá sì mú ẹnì kan ṣoṣo nínú abúlé kan, tí kò kọjá bẹ́ẹ̀, àjàkálẹ̀ wo nìyẹn?

"Ikú dúdú" ńkọ́? Àwọn tó kú nínú ìjà 1348 kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ní èdè Látìnì, ikú ńlá ni wọ́n pè é. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà kan ṣoṣo ni orúkọ náà bá mu. Àìsàn kan náà ló jà ní ilẹ̀ ọba Justinian láti 541, òun náà ló jà ní Hong Kong ní 1894. A ò lè máa pe gbogbo wọn ní ikú dúdú.

Ó wá ku "àrùn eku". Ẹ lọ sọ ọ́ lójú ọjà ní Ọ̀wọ̀ lónìí, kí ẹ wo ohun tí wọ́n máa gbọ́. Ibà Lassa ni. Ibà yẹn, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti 1969, ti gba eku mọ́ wa lọ́wọ́ pátápátá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bọ́ sínú oúnjẹ ló máa ń fà á jù, ìdí nìyẹn tí rédíò fi ń pariwo pé ká bo gàárì, ká má sá oúnjẹ sẹ́bàá títì. Èyí tí à ń wá orúkọ fún yìí, ẹ bo gàárì títí di ọ̀la, kò kàn án. Méjèèjì ń ti ọ̀dọ̀ eku wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀ síra. Bí a bá fún wọn ní orúkọ kan náà, ọmọ tó ka ìwé ìtàn á máa bo ìkòkò nítorí àìsàn tó ń gba inú aṣọ wọlé.

Àtakò mi kejì ló gùn, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ ni ti eku ilé. Alexandre Yersin rí kòkòrò àìlèfojúrí tó ń fa àrùn náà ní Hong Kong ní 1894, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó lè fi hàn bó ṣe ń ti ara eku dé ara ènìyàn. Ní 1898, ní Karachi, Paul-Louis Simond fi eku tó ń ṣàìsàn, tí àwọn kòkòrò afàmu-ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, sínú ìgò ńlá kan. Ó gbé eku tára rẹ̀ le kọ́ sókè rẹ̀ nínú àgò onírin, débi pé wọn kò lè fara kan ara wọn. Èyí tó wà lókè náà kó àrùn, ó sì kú. Nígbà tó tún un ṣe láìsí kòkòrò afàmu-ẹ̀jẹ̀ kankan lára eku ìsàlẹ̀, ohunkóhun kò ṣe ti òkè. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò kà á sí fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà.

Kòkòrò afàmu-ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an ni mo rí i tí àwọn kan nínú yín ń pè ní "eégbọn eku". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eégbọn sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti yọ eégbọn lára ajá rí mọ̀ pé kì í fò: ó lẹ̀ mọ́ ara ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló sì ní. Èyí tí à ń sọ ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, fífò ló sì ń fò. Jìgá ni ìbátan rẹ̀, jìgá tó ń wọ ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nítorí náà, mo dá a lábàá pé ká pè é ní "jìgá eku". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun kékeré tó ń fò ni, tó ń ti ara ohun kan dé ara ohun mìíràn. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, jìgá eku á kúrò níbẹ̀, á wá ara tó móoru lọ. Bí kò bá rí eku mìíràn nítòsí, ènìyàn ló kàn. Kòkòrò àrùn ti di ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pa báyìí: ẹ̀jẹ̀ tó ń mu kò lè wọ inú lọ, ebi ń pa á, ó wá ń bu ènìyàn jẹ léraléra, ó sì ń pọ ohun tó dí i lọ́fun sínú ojú ibi tó bù jẹ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibà líle dé, kókó tó ń dunni gan-an á sì yọ ní ìtan, ní abíyá tàbí ní ọrùn.

Ibi tí àwọn onígbèjà "àrùn eku" parí ìtàn sí nìyí. Ẹ̀gbọ́n kan tiẹ̀ kọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé: "Ènìyàn kì í kó o lára ènìyàn, eku ni gbogbo rẹ̀." Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Eyam, abúlé kan ní Derbyshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1665, ẹrù aṣọ kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rinrin ti mú aṣọ náà, ni George Viccars tó ń bá télọ̀ ṣiṣẹ́ bá tú u sílẹ̀, ó sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí, pé ohun tó fara pamọ́ sínú aṣọ náà jí nígbà tí ooru kàn án. Viccars kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní 1666, àlùfáà abúlé, William Mompesson, bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní jáde mọ́ kí wọ́n má bàa kó o lọ bá àwọn ìlú tó yí wọn ká. Àwọn ará ìta ń gbé oúnjẹ sí ààlà, àwọn ará abúlé sì ń fi owó sínú ọtí kíkan fún wọn. Nǹkan bí 260 ènìyàn ló kú kí ó tó tán. Nínú ilé kan náà, bàbá, ìyá, ọmọ, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Ṣé òkú eku ló wá wà nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn?

Àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì Oslo ṣe ìṣirò lé irú ọ̀rọ̀ yìí lórí, wọ́n sì gbé e jáde ní 2018. Wọ́n mú àkọsílẹ̀ àwọn tó kú nínú ìjà mẹ́sàn-án tí àrùn náà bá àwọn ìlú Yúróòpù jà, láti 1348 títí dé 1813, wọ́n wò ó bóyá ìlọsókè ikú náà jọ ti eku, tàbí ti èémí, tàbí ti jìgá ara ènìyàn àti iná aṣọ. (Iná tó ń gbé inú irun àti aṣọ ni mo wí, kì í ṣe ti inú ààrò.) Nínú méje lára mẹ́sàn-án, ti ara ènìyàn yìí ló bá a mu jù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣì ń bá wọn jiyàn, èmi kò sì ní kí ẹ gbà á bí ẹni gba Bíbélì. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú wa ṣọ́ra. Bí kòkòrò bá fò láti ara ìyá sára ọmọ tó sùn tì í lórí ẹní kan náà, eku kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọ̀nà kẹta ló dun orúkọ "àrùn eku" jù lọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí.

Ní 1910, ní Manchuria ní ìhà àríwá ilẹ̀ Ṣáínà, awọ ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní tarbagan di ọjà ńlá. Ó jọ òkété ńlá, inú ihò ló ń gbé ní pápá. Wọ́n ti rí i pé bí wọ́n bá rẹ awọ rẹ̀ láró, a máa jọ awọ ẹranko olówó iyebíye, ni owó rẹ̀ bá gbéra. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ibẹ̀ mọ̀ pé èyí tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ dé láti Shandong kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pa á, wọ́n bó o, wọ́n sì lọ sùn sí ilé èrò tí ènìyàn há mọ́ra wọn gádígádí nítorí òtútù. Ní oṣù kẹwàá, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Manzhouli lẹ́bàá ààlà Rọ́ṣíà. Láti ibẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé Harbin.

Dókítà Wu Lien-teh, ọmọ Penang tó kàwé ní Cambridge, dé Harbin lọ́jọ́ 24 oṣù kejìlá. Ó yẹ òkú obìnrin ará Jápáànì kan wò ní ìkọ̀kọ̀, torí àṣà ibẹ̀ kò fàyè gba kí a la òkú, ó sì bá kòkòrò náà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ ló fà á tó fi sọ ohun tó sọ. Ó wò ó pé inú ilé tó tì pa ni wọ́n ti ń kó o, pé ẹni tó ń ṣàìsàn ń pọ ẹ̀jẹ̀ bí ó ti ń wúkọ́, àti pé àwọn tó yí i ká ń ṣubú láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ó ní itọ́ tó ń ta jáde nígbà ikọ́ ló ń gbé e. Ó ní kí gbogbo àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn fi aṣọ bo imú àti ẹnu.

Dókítà Gérald Mesny, ará Faransé, tí ó dàgbà jù ú lọ, tó sì ní ìrírí jù ú lọ, kò gbà. Ti eku ni òun mọ̀. Ó wọ yàrá àwọn aláìsàn láìbo imú. Kò pẹ́ rárá, ní oṣù kìíní 1911, òun náà kú. Àwọn eku tí wọ́n là ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti wá kòkòrò náà nínú wọn, wọn kò bá nǹkan kan.

Wu ya àwọn tó fura sí sọ́tọ̀ sínú wágọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin. Ilẹ̀ ti di yìnyín, kò ṣeé gbẹ́, òkú tó lé ní 2,000 ti tò sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìjọba ọba ní Beijing kó lè sun wọ́n, wọ́n gbà fún un, wọ́n sì sun wọ́n ní òpin oṣù kìíní. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó kó o ní Harbin. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀, nǹkan bí 60,000 ènìyàn ti lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Tarbagan náà ẹ̀yà eku ni." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ mélòó kan ni ẹranko kó o ràn? Àwọn yòókù nínú 60,000 yẹn, ikọ́ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ wọn ló pa wọ́n. Ẹ bá mi túmọ̀ gbólóhùn yìí pẹ̀lú orúkọ tí ẹ yàn: "Àrùn eku náà kò sí lára eku." Ọmọ kíláàsì kìíní á rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká yọ ọ̀nà kúrò nínú orúkọ, ká fi í sínú ọ̀rọ̀ ìṣe. Àbúrò wa kan kọ ọ́ pé "ràn" nìkan ti tó fún gbogbo rẹ̀, kò sì burú lẹ́nu ojoojúmọ́. Àmọ́ Yorùbá fún wa ní mẹ́ta, mi ò rí ìdí tí a ó fi sọ méjì nù. Kòkòrò àti ọkọ̀ ń gbé àrùn: jìgá eku gbé e, ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ Messina ní oṣù kẹwàá 1347. Ènìyàn ń kó o lára ohun tó fọwọ́ kàn, ì báà jẹ́ aṣọ tàbí awọ ẹran: Viccars kó o, àwọn ọdẹ Manchuria kó o. Láti ènìyàn sí ènìyàn, ó ń ràn, bí iná ṣe ń ràn láti òrùlé dé òrùlé. Bí ẹ̀gbọ́n bá di mẹ́ta yìí mú láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, gbólóhùn kan bíi "oníkókó kì í sáábà ran ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ti ẹ̀dọ̀fóró ni í ràn" á yé ọmọ láìsí àlàyé kankan. Fún ohun tó ń gbé àrùn káàkiri láìka irú ẹ̀dá tó jẹ́, mo fara mọ́ "agbárùnkiri" tí ẹnì kan dá lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wúwo díẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó pé.

Orúkọ wá ńkọ́? Tèmi ni "pẹ́sìtì". Kì í ṣe pé mo ń sá fún iṣẹ́. Orúkọ kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, pestis, ni mo ti mú un, ó sì sún mọ́ ohun tí àwọn ará wa ní Kétu àti Pobè ń gbọ́ nílé ẹ̀kọ́ Faransé, tó fi jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo á lè rìn ní ìhà méjèèjì ààlà. Lẹ́yìn rẹ̀, ká wá fi ibi tó bà sí lára sọ irú rẹ̀: pẹ́sìtì oníkókó, pẹ́sìtì ẹ̀dọ̀fóró, pẹ́sìtì inú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: ohun tí ojú rí lára aláìsàn ni wọ́n máa ń fi pè é. Onígbáméjì, igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́; ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n. Orúkọ méjèèjì yìí kò sọ ẹni tó fà á. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ àyálò ń bí nínú, ẹ rántí pé kọ́lẹ́rà àti onígbáméjì jọ ń gbé láìjà. Bí ẹnì kan bá rí orúkọ bẹ́ẹ̀ fún èyí, tí àwọn ènìyàn sì gbà á sẹ́nu, inú mi á dùn. Àmọ́ kó má jẹ́ eku.

Ẹ má sì rò pé ìtàn ilẹ̀ òkèèrè lásán ni mo ń tò. Pẹ́sìtì jà ní Èkó láti 1924, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1931. Àárín ìgbà yẹn ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tó padà di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí iṣẹ́ ìlera ìlú Èkó, wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ nítorí àrùn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní LEDB (Lagos Executive Development Board), láti wó àwọn àdúgbò tó há, kí wọ́n sì tún ìlú tò. Nígbà tó jẹ́ eku ni gbogbo ọkàn wọn wà lé, ilé tí eku ń gbé di ẹlẹ́ṣẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì di ara ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ní Èkó, oníkókó ló pọ̀, nítorí náà lílé eku kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí orúkọ kan ṣe lè pinnu òrùlé ẹni tí a máa ṣí.

Ẹnì kan tún béèrè lẹ́sẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bóyá "ìsémọ́lé" tó gbilẹ̀ ní 2020 ló yẹ fún ohun tí wọ́n ṣe ní Ragusa, ìyẹn Dubrovnik òde òní, ní 1377. Rárá. Ìsémọ́lé jẹ́ ti onílé tí wọ́n ní kó má jáde. Ní Ragusa, àlejò tó ń ti ibi tí àrùn wà bọ̀ ni wọ́n dá dúró lẹ́yìn ìlú fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó wọlé. Nígbà tó yá, ó di ogójì ọjọ́ ní Venice àti ní ibòmíràn. "Ìdádúró" ni mo máa lò. Èyí tí Wu ṣe nínú wágọ́ọ̀nù, "ìyàsọ́tọ̀" ni.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín, pàápàá ẹ̀yin ará Kétu, Ṣábẹ àti Ìjẹ̀bú: ṣé orúkọ àbáláyé kan wà ládùúgbò yín fún kòkòrò tó ń fò lára ajá, ológbò àti eku, èyí tí kì í ṣe eégbọn, tí kì í sì í ṣe jìgá inú ẹsẹ̀? Bí ó bá wà, mo ṣetán láti fi "jìgá eku" sílẹ̀ fún un lónìí. Ẹ fi àmì ohùn sí i bí ẹ bá ń kọ ọ́ ránṣẹ́.